Ẹ rí mọ́tò kò ní kí mọ́tò rí yín: àlàyé lórí gígun kẹ̀kẹ́ lálẹ́

Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Keje, ó lè pẹ́ di agogo méje. Bó bá sì ti wọ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré ló kù kí òkùnkùn tó dé. Ìrọ̀lẹ́ tiwa kì í falẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Ìpetumodù ní agogo mẹ́fà nínú oṣù Kọkànlá yẹn, tó ní òun á ti dé Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, òkùnkùn ni yóò bá a lọ́nà. Ọ̀rọ̀ iná kẹ̀kẹ́ kan ẹni tí kò tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti rìn lóru.

Èrò kan ló ń ṣi ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ lọ́nà. Oníkẹ̀kẹ́ wà nínú òkùnkùn, ó rí iná mọ́tò lókèèrè réré, ó sì gbà pé bí òun ṣe rí mọ́tò yẹn ni dẹ́rẹ́bà inú rẹ̀ náà ṣe rí òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná mọ́tò ń bọ̀ wá sójú yín tààrà, kódà láti nǹkan bíi kìlómítà kan. Ní ti dẹ́rẹ́bà, iná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ara yín, kó tó ti ara yín padà sójú rẹ̀. Aṣọ dúdú, búrẹ́dì inú ọ̀rá dúdú, férémù kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà, gbogbo wọn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà mì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 16 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú dẹ́rẹ́bà tó rí nǹkan, kó tó mọ ohun tó jẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ ti lọ. Mítà 25 nìyẹn. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bíréèkì tó dára á tún gba nǹkan bíi mítà 20 kí mọ́tò tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 45. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú tí kò ní iná, dẹ́rẹ́bà tó fi iná sí dímù lè má rí i títí yóò fi ku mítà 30, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Mítà 15 tó dín yẹn, kò sí bíréèkì tó lè rà á padà, bó ti wù kí dẹ́rẹ́bà náà mọ mọ́tò wà tó.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iná ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́: èyí tí ẹ fi ń ríran, àti èyí tí àwọn ẹlòmíì fi ń rí yín. Iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn. Òfin ìrìnnà sì fẹ́ kí méjèèjì wà. Bí owó kò bá tó ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ti ẹ̀yìn ni a ó ní kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì máa ti kẹ̀kẹ́ níbi tí ẹ kò bá ti rí ilẹ̀ títí owó ti iwájú yóò fi dé. Ohun tó ń bọ̀ níwájú, ojú yín lè rí i kí ẹ yà fún un. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun nìkan ló lè rí yín.

Iná iwájú

Tọ́ọ̀ṣì orí fóònù kì í ṣe iná kẹ̀kẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ lọ sókè sódò, kò lọ jìnnà, ilẹ̀ tó sì ń fi hàn dáadáa kì í ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Ẹ fi wé ibi tí kẹ̀kẹ́ lè dúró sí. Ní kìlómítà 15 ní wákàtí, tí í ṣe eré ẹni tí kò kánjú, láti ìgbà tí ẹ bá rí kòtò títí kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró gbọngbọn, ẹ ti lo nǹkan bíi mítà 9. Ní kìlómítà 25, ó tó mítà 18. Ní kìlómítà 40, eré tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà lè fún èèyàn láìtẹ pẹ́dàlì rárá, ó lé ní mítà 35. Iná tó bá fi mítà 5 hàn yín, ó kàn ń fi ibi tí ẹ ó ṣubú sí hàn yín ni.

Lumen tí wọ́n ń kọ sára páálí ni iye ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tú jáde lápapọ̀. Láàárín ìlú tí iná ṣọ́ọ̀bù wà, bíi Lágéré tàbí Mayfair ní Ifẹ̀, lumen 100 tó fún kí wọ́n rí yín. Lójú ọ̀nà tí kò sí iná kankan, ẹ wá láàárín 200 sí 400. Tọ́ọ̀ṣì kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ lumen 10,000 sí lára, irọ́ ni. Bátìrì inú rẹ̀ kò lè gbé e, ooru rẹ̀ ì bá sì ti yọ́ ike ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kó ara rẹ̀ jọ tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Lumen 200 tó dojú kọ ilẹ̀ sàn ju 600 tó ń tàn sórí ewé igi.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró ní mítà 5 sí ògiri, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnì kan jókòó lé e. Ẹ wọn bí iná náà ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ẹ wá darí rẹ̀ títí àárín gbùngbùn ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sí ìdajì gíga yẹn lára ògiri: bí iná bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 100, kí ìmọ́lẹ̀ wà ní 50. Lójú títì, yóò bọ́ sílẹ̀ ní mítà 10 níwájú yín, ìyókù rẹ̀ á tàn kọjá ibẹ̀, kò sì ní gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Bí ẹ bá fẹ́ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gírígírí. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà wé lásán máa ń dorí kodò ní kòtò àkọ́kọ́. Kí ó má sì ṣẹ́jú. Iná tó ń ṣẹ́jú níwájú kì í jẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín mọ bí ilẹ̀ ṣe rí.

Dáínámò àti bátìrì

Kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́mu, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní dáínámò onígò tó ń fara gbo táyà. Ẹ má sọ ọ́ nù. Dáínámò kò bẹ iná ọba, kò mọ̀ pé iná ti lọ láti ìjẹta. Volt 6 àti watt 3 ni èyí tó wọ́pọ̀: gílóòbù iwájú ń gba watt 2.4, ti ẹ̀yìn ń gba 0.6. Ibẹ̀ ni àwámárìídìí kan wà tó ń bí àwọn èèyàn nínú. Ti iwájú jó lónìí, kó tó di ọ̀la ti ẹ̀yìn náà ti jó. Ìdí ni pé bí ti iwájú bá ti kú, gbogbo agbára tí dáínámò ń tì jáde á wá dá lé gílóòbù kékeré ẹ̀yìn yẹn, ó sì pọ̀ jù fún un. Nítorí náà bí iná iwájú bá kú lójú ọ̀nà, ẹ yọ wáyà ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ rọra máa lọ. Kí gílóòbù àfidípò méjì sì máa wà nínú àpò, kí ẹ fi owú wé wọn.

Bí iná bá ń tàn tó tún ń kú, ẹ má tíì bá dáínámò jà. Wáyà kan ṣoṣo ló ń jáde lára rẹ̀. Irin férémù ni agbára ń gbà padà. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sábẹ́ ìdè, tàbí ìpẹtà, ti gé ọ̀nà náà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi tí ìdè dáínámò ti kan férémù títí irin yóò fi dán, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ibi tí fìtílà iwájú àti ti ẹ̀yìn ti kan irin, kí ẹ wá fi gírísì díẹ̀ bò ó. Ọ̀pọ̀ dáínámò tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, kò sí ohun mìíràn tó ń ṣe wọ́n. Nínú òjò, orí dáínámò máa ń yọ̀ lára táyà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sún mọ́ táyà díẹ̀ sí i, ẹ wo bóyá eyín orí rẹ̀ ti jẹ. Àbùkù rẹ̀ tí kò ní oògùn ni pé bí ẹ bá dúró ní oríta, ó kú. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí oníná dáínámò ní iná pupa oníbátìrì kan lẹ́yìn pẹ̀lú.

Ní ti bátìrì, èyí tó pọ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì tí à ń chájì ni wọ́n ń pè ní 18650. Bí wọ́n bá kọ 9900mAh sí i lára (mAh ni wọ́n fi ń wọn bí agbára tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), ayédèrú ni. Ojúlówó 18650 kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3600mAh lọ, ayédèrú yẹn fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń kéré ju 1500 lọ. Ẹ dán an wò nílé: ẹ chájì rẹ̀ kó kún, ẹ tan iná náà sí ìpele tí ẹ máa lò, ẹ wo aago títí yóò fi ṣe bàìbàì. Bó bá lo wákàtí kan, ẹ kà á sí ìṣẹ́jú ogójì lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó di àṣà pé bí iná ọba bá ti dé, iná kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé ojú iná, kí fóònù tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́

Iná ẹ̀yìn kò nílò agbára púpọ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ibi tí wọ́n fi sí. Ẹlẹ́mu di kẹ́ẹ̀gì méjì sẹ́yìn, aláta di àpò sí káríà, aṣẹ́gi ń gbé igi ìdáná tó gùn ju kẹ̀kẹ́ lọ, iná tó wà lábẹ́ ìjókòó ti sá pamọ́ pátápátá. Ẹ so iná ẹ̀yìn mọ́ mọ́gáàdì, tàbí mọ́ ọ̀pá férémù tó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín táyà, níbi tí ẹrù kò lè bò. Bí ẹrù bá gùn kọjá táyà ẹ̀yìn, orí ẹrù náà gan-an ni kí iná wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá dirù tán, ẹ rìn lọ sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ ogún, kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí i.

Kó máa ṣẹ́jú ni, àbí kó tàn gbọ́n-ún? Àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú tètè ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà kì í lè fi í mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó. Ní Jámánì, òfin kò gba kẹ̀kẹ́ láyè láti lo iná tó ń ṣẹ́jú. Èrò tiwa ni pé bí iná bá jẹ́ ọ̀kan, kó tàn gbọ́n-ún. Bí ó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lè máa ṣẹ́jú.

Ohun tó ń dán àti ohun tó mọ́ lójú

Nǹkan méjì ni àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ níbí. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé títàn tàbí ọsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ títì ń wọ̀ ń fi ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kì í rí ṣe agbára. Ó wúlò lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tán, iná mọ́tò kò ní irú ìtànṣán yẹn lọ títí, ẹ̀wù náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju aṣọ funfun lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni ìlà eérú tó wà lára ẹ̀wù náà. Òun ló ń dá iná mọ́tò padà síbi tó ti wá, bí ojú ewúrẹ́ ṣe ń dán bí tọ́ọ̀ṣì bá bá a lójú ọ̀nà. Ike pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́gáàdì náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bí wọ́n bá ta ẹ̀wù fún yín tí kò ní ìlà náà, aṣọ ọ̀sán lẹ rà.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Queensland ní Ọsirélíà gbé èsì ìdánwò kan jáde tó yẹ kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ máa wa ọkọ̀ lóru lójú ọ̀nà ìdánwò, kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n bá rí oníkẹ̀kẹ́. Nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ wọ dúdú, ìdá 2 nínú 100 ni wọ́n rí. Ẹ̀wù aláwọ̀ títàn lásán: 15. Ẹ̀wù onílà tó ń dán: 50. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ohun tó ń dán sí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù náà, ó di 90. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ló ṣe é. Ohun tó ń dán tí kò mira lè jẹ́ òpó, ó lè jẹ́ agolo lẹ́bàá ọ̀nà. Èyí tó ń yí po bí ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́, ọpọlọ dẹ́rẹ́bà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èèyàn ni.

Kò gba owó gọbọi. Téèpù pupa àti funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n gé mítà kan fún yín. Ẹ lẹ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan mọ́ ẹ̀yìn mọ́gáàdì (pupa), ẹ lẹ díẹ̀díẹ̀ mọ́ apá tí pẹ́dàlì wà lára rẹ̀, ẹ rán ìyókù mọ́ rọ́bà fífẹ̀ tí ẹ ó máa dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Rọ́bà yẹn á tún di ẹnu ṣòkòtò mú kí ṣéènì má jẹ ẹ́. Ẹ fi kánhìnkánhìn àti ọṣẹ fọ ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí, kó gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò kan ni yóò ṣí i. Àti pé ohun tó ń dán kò lè rọ́pò iná. Ọ̀kadà tí kò tan iná kò ní ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa dá padà fún un, irú wọn sì pọ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́ bó ṣe pọ̀ ní ọjà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà.

Akoto dára fún orí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín.

Ẹ̀gbẹ́ wo lójú títì?

"Ẹ kọjú sí mọ́tò kí ẹ lè rí i" jẹ́ ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Oníkẹ̀kẹ́ tó bá gbà á ti ṣìnà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún náà ni kẹ̀kẹ́ ń gbà. Bí ẹ bá ń sá kìlómítà 15 tí mọ́tò ń sá 60, tí ẹ sì kọjú síra, kìlómítà 75 ni ẹ jọ fi ń sún mọ́ra. Bí ẹ bá jọ kọjú síbì kan náà, ó di 45. Dẹ́rẹ́bà tó rí yín ní mítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 ní àkọ́kọ́, ó ní 4 ní èkejì. Lẹ́yìn náà, mọ́tò tó ń já bọ́ sí títì láti ọ̀nà kékeré kì í retí ẹnikẹ́ni láti apá tí kò tọ́, kò sì ní wo ibẹ̀.

Ẹ má fara mọ́ gọ́tà ju bó ti yẹ lọ. Fi nǹkan bíi mítà kan sílẹ̀ sí etí ọ̀dà, nítorí etí yẹn ni ọ̀dà ti ń já, ibẹ̀ náà ni gọ́tà tí kò ní ìdérí wà. Bí mọ́tò tó ń bọ̀ bá tan fúlù, ẹ má wo iná rẹ̀; ẹ wo etí ọ̀tún títì, kí ẹ dín eré kù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, torí lẹ́yìn tó bá kọjá ni ojú máa fọ́ jù. Ojú tí iná ti gún lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padà mọ òkùnkùn. Iná kan ṣoṣo tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀kadà ní gbogbo ìgbà. Ẹ gbà pé mọ́tò ni, àti pé iná ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ yín ló ti kú.

Lẹ́yìn òjò, adágún omi lójú títì lè jìn tó orúnkún, kò sì sí iná tó lè fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn. Ẹ yí i po tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Rímù onírin tó tutù kì í gbọ́ bíréèkì ní àkọ́kọ́, rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Iléṣà, ẹ ti máa fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè, kí ẹ má dúró dìgbà tí eré bá ti wọ̀ ọ́. Èsúnsún á máa kọ lu iná àti ojú lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Gíláàsì funfun olówó kékeré ló gbà á, kì í ṣe dúdú. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ẹnu iná láàárín ọjọ́ méjì. Àtẹ́lẹwọ́ kọ́ ni kí ẹ fi nù ún, omi ni.

Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, nǹkan bíi kìlómítà 30 tí tírélà ń gbà lóru, a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn àṣálẹ́, bó ti wù kí iná rẹ̀ dára tó. Ẹ wá ọkọ̀ tó lè gbé kẹ̀kẹ́ sórí búùtù. Ní ti àwọn ọ̀nà inú ìlú, bí iná bá kú pátápátá tí ẹ kò sì ní àfidípò, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ti di ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹ sọdá sí apá òsì níbi tí títì ti gùn gbọọrọ tí kò sí kọ́nà, kí ẹ kọjú sí mọ́tò, kí ẹ sì tú téèpù ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ de ọ̀kan mọ́ ọwọ́ tó wà lápá ọ̀dọ̀ mọ́tò, ọ̀kan mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́.